Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Méjì: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Kọ́ Shell

Ẹ wo àdúgbò Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tí gbogbo ayé mọ̀ sí LAUTECH. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí kò ní fóònù Tecno, Infinix tàbí itel lápò. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a tún ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èdè tí ọpọlọ ẹ̀rọ méjèèjì ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọpọlọ irú ti ARM ló wà nínú fóònù. Irú ti Intel tàbí AMD, tí à ń pè ní x86, ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ètò tí a ṣe fún ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Ẹni tó bá dán an wò lórí Linux yóò rí èsì yìí: `cannot execute binary file: Exec format error`. Fáìlì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò fún fóònù, fún pákó kékeré bíi Raspberry Pi tàbí fún ráwútà ilé, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti ṣe é, ibòmíràn ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ká kọ́ńpáìlì fún ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn. Kò sì ṣeé ṣe láìfọwọ́ kan shell, ojú dúdú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà dípò ká máa tẹ àwòrán. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé: ẹni tí kò tíì mọ shell rárá, ṣé ó yẹ kó ti ibi iṣẹ́ tó le báyìí bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan ní rárá, kó kọ́kọ́ mọ àwọn àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan ná. Àwọn kan ní iṣẹ́ gan-an ni kó kọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní irinṣẹ́ òde òní ti bo shell mọ́lẹ̀, kí wọ́n má yọ ọmọ lẹ́nu. Mo ti gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo sì fara mọ́, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀.

Ìtàn ni kí a kọ́kọ́ bi. Lọ́dún 1969, Ken Thompson, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní New Jersey, rí kọ̀ǹpútà PDP-7 kan tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Eré kan tó ń jẹ́ Space Travel ló fẹ́ gbé sórí rẹ̀. Ó ń ṣe ètò náà lórí ẹ̀rọ ńlá kan, GE 635. Ẹ̀rọ yẹn á dá ihò sára tẹ́ẹ̀pù oníwèé, wọn á sì fi ọwọ́ gbé tẹ́ẹ̀pù náà lọ fún PDP-7. Dennis Ritchie, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé bí eré náà ṣe wuyì tó, iṣẹ́ tó ṣe jù ni pé ó fi ọ̀nà tí a ń gbà pèsè ètò fún PDP-7 han àwọn. Inú ìmọ̀ yẹn ni Unix ti jáde. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ra PDP-11. Òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún ló dé, ṣùgbọ́n dísìkì rẹ̀ kò dé títí di oṣù Kejìlá. Wọn kò káwọ́ gbera: orí PDP-7 ni wọ́n ti ṣe Unix kékeré kan fún un, PDP-11 sì jókòó sí igun yàrá, ó ń wá gbogbo ọ̀nà tí ẹṣin inú eré chess lè gbà tẹ gbogbo ojú pátákó 6 × 8 kó sì padà síbi tó ti gbéra. Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ yẹn gbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé àwọn tó dá Unix sílẹ̀ kò kọ́ shell kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ méjì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ méjì ló ṣáájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni shell Thompson dé, lọ́dún 1971. Páìpù, àmì | tí a fi ń da èsì àṣẹ kan sínú òmíràn, dé lọ́dún 1973, bẹ́ẹ̀ Doug McIlroy ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ láti 1964. Shell ti Stephen Bourne jáde ní 1979, Bash ti Brian Fox ní 1989. Lónìí, Bash ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, mksh ló wà nínú fóònù Android, ash inú BusyBox ló wà nínú ráwútà tó ń lo OpenWrt. Ẹni tó bá ń ti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún fóònù ń bá shell méjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò sì tètè mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo shell gbọ́, èwo sì ni àṣà Bash nìkan.

Àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ kọ́ àṣẹ ní ẹ̀rí tiwọn. Ìwé tí Brian Kernighan àti Rob Pike kọ ní 1984, The Unix Programming Environment, bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì àti shell kó tó kan ṣíṣe ètò, àwọn tó kà á sì di ògbógi. Ẹ̀kọ́ Software Carpentry tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 náà, láti `pwd`, `ls` àti `cd` ló ti ń gbéra. Ẹni tí kò mọ fódà tó wà, iṣẹ́ kankan kò lè gún lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n wí yẹn, òótọ́ ni. Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni bí ẹ̀kọ́ ṣe ń pẹ́ lórí àṣẹ tí ọmọ kò tíì rí ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Wọ́n kọ́ ọ ní `chmod`, àṣẹ tí a fi ń yí ìyọ̀ǹda fáìlì padà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò, ó tán. Kò sí fáìlì kankan tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún un rí, kò sì mọ ohun tí `chmod` wà fún.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́ni. Ètò C kékeré kan, hello.c, tí kò ju kó kí ènìyàn lọ, ti tó. Lórí Debian tàbí Ubuntu, kọ́ńpáílà tó ń ṣe ètò fún ARM alámì 64 wà nínú `gcc-aarch64-linux-gnu`. Orúkọ tí a ó fi pè é ni `aarch64-linux-gnu-gcc`. Ẹni tó ń lo Windows lè rí Linux kan náà lò nípa WSL, tí Microsoft mú jáde ní 2016. Ọmọ náà pe kọ́ńpáílà, shell ní `command not found`. Ọjọ́ yẹn ni yóò mọ PATH, àkójọ fódà tí shell máa ń tú wò bí a bá pe àṣẹ. Ó rí i, ó ṣe ètò náà, ó fẹ́ wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Exec format error ló bá pàdé. Ó tẹ `echo $?`, ó rí 126. Èyí tó rí nígbà tí shell kò rí àṣẹ rẹ̀ jẹ́ 127. Báyìí ló ṣe mọ̀ pé gbogbo àṣẹ tó bá parí máa ń fi iye kan sílẹ̀, òdo ni ti èyí tó yọrí sí rere, àti pé 126 àti 127 kì í ṣe àìsàn kan náà: fáìlì kan wà tí kò ṣeé ṣiṣẹ́, èkejì kò sí níbi tí a wá a dé.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ `file` yóò di ọ̀rẹ́ rẹ̀. `file hello` á sọ pé ELF 64-bit ni, ARM aarch64. Lórí kọ̀ǹpútà, `uname -m` á sọ pé x86_64. Bó bá dé orí fóònù, tí `uname -m` sọ pé armv8l tàbí armv7l, á mọ̀ pé ètò alámì 32 ni fóònù yẹn ń gbà, ó sì yẹ kó padà lọ mú kọ́ńpáílà mìíràn. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Under G.

Ibi tí mo rí i pé ẹ̀kọ́ ti jinlẹ̀ jù ni ọjọ́ tí shell sọ ohun tó dà bí irọ́. Ẹ fi `adb push`, àṣẹ tó ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà lọ sínú fóònù, gbé hello, ẹ kó o sí /sdcard, ẹ ṣe `chmod +x`, ẹ pè é, ó ní `Permission denied`. Ẹ tún chmod ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà. Kì í ṣe fáìlì ni kò ní ìyọ̀ǹda. Gbogbo /sdcard ni Android so mọ́ ẹ̀rọ lọ́nà tí kò fi jẹ́ kí ohunkóhun ṣiṣẹ́ láti inú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí /data/local/tmp, ẹ tún pè é, ó wá ní `No such file or directory`, bẹ́ẹ̀ `ls` ń fi fáìlì náà hàn yín kedere. Ohun tí kò sí kì í ṣe hello. Olùgbéró tí hello máa ń pè kó tó lè dìde ni kò sí: kọ̀ǹpútà ń lo ilé-ìkàwé glibc, Android ń lo Bionic, ọ̀nà tí glibc júwe kò sí nínú fóònù. Bí a bá fi `-static` kọ́ńpáìlì rẹ̀, ohun gbogbo tó nílò á wà nínú rẹ̀, á sì kí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá la èyí kọjá ti mọ ohun mẹ́ta tí ìwé àṣẹ lásán kì í sọ: pé ìyọ̀ǹda ju chmod lọ, pé fáìlì kan lè máa ti ẹsẹ̀ fáìlì mìíràn rìn, àti pé èsì shell kì í ṣe irọ́ bí a bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ètò bá ju hello.c lọ, `make` la fi ń pe kọ́ńpáílà, bí fáìlì Makefile ṣe là á sílẹ̀, CC sì ni orúkọ tí a so kọ́ńpáílà mọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀nà tí a ń gbà so iye mọ́ orúkọ. `CC=aarch64-linux-gnu-gcc make` kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú `CC = aarch64-linux-gnu-gcc`; ti ẹ̀yìn yìí, shell á rò pé CC ni àṣẹ tí a pè, á sì wá a tì. Bí a bá so iye mọ́ CC lórí ìlà tirẹ̀ tí a kò fi `export` sí i, `make` kò ní mọ̀ nípa rẹ̀. Bí Makefile fúnra rẹ̀ bá sì ti kọ `CC = gcc` sínú, ti Makefile ni yóò borí; ètò á jáde láìsí àṣìṣe kankan, ti x86 ni yóò sì jẹ́. `make CC=aarch64-linux-gnu-gcc` ló lè borí Makefile. Ìyàtọ̀ ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ kan sí nìyẹn, ṣáájú make tàbí lẹ́yìn rẹ̀, `file` ló sì lè tú u fó. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀kọ́ yìí fi lè wọ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀.

Bí ètò bá nílò ilé-ìkàwé mìíràn, àfi kí kọ́ńpáílà rí ẹ̀dà ti ẹ̀rọ kejì lò, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀. Aránṣọ tó ń rán aṣọ fún oníbàárà tó wà ní ìlú mìíràn kò gbọ́dọ̀ gbé aṣọ wọ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bá a mu. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Fódà tí a kó àwọn fáìlì ẹ̀rọ kejì sí ni ìwọ̀n yẹn, `--sysroot` la sì fi ń júwe rẹ̀ fún kọ́ńpáílà. Bí configure, ìwé àṣẹ tó ń yẹ ẹ̀rọ wò kí make tó bẹ̀rẹ̀, bá wà nínú iṣẹ́ náà, `--host=aarch64-linux-gnu` ló ń sọ ẹni tó ni aṣọ.

Iná àti dátà wá ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé a kò lè jíròrò iṣẹ́ tó ń gba wákàtí láìsọ̀rọ̀ nípa iná tó lè lọ nígbàkugbà. Níbí yìí, irinṣẹ́ Unix gbè wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Stuart Feldman ṣe `make` ní Bell Labs ní 1976. Ó máa ń fi àkókò fáìlì wé ara wọn, èyí tó ti parí kò ní tún un ṣe. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú láàárín iṣẹ́, ibi tó kù ni yóò ti máa bá a lọ. Ewu kan wà: fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kú lè ṣófo, make á sì rò pé ó ti parí. `find . -name '*.o' -size 0 -delete` á kó irú wọn dànù, ẹ sì rí i pé find tí àwọn ìwé àṣẹ máa ń fi sẹ́yìn ti di ohun tí a nílò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ewu kejì ni aago. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bátìrì aago rẹ̀ ti kú á padà sí ọdún tó ti kọjá lọ bí iná bá lọ. Raspberry Pi tó ṣáájú ẹ̀dà karùn-ún kò tilẹ̀ ní aago tó ń dá rìn. Make á wá kígbe pé `Clock skew detected`. `date` ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.

Ní ti dátà, `git clone` tí nẹ́tíwọ́kì gé láàárín kò mọ bí a ṣe ń bá iṣẹ́ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀, dátà tí ẹ ti ná ti ṣòfò. Ẹ fi `--depth 1` sí i kó má baà kó gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wá, tàbí kí ẹ wa fáìlì alápò pẹ̀lú `wget -c`, tó ń bá a lọ láti ibi tó dúró. Ìtàn Linux nìkan ju gígábáìtì kan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé kí a kàn ṣe clone, bí ẹni pé dátà kì í tán. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ wa gbọ́dọ̀ sọ ti wget fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn tó ní kí irinṣẹ́ bo shell mọ́lẹ̀ kò purọ́ nípa pé ó rọrùn. Láti ẹ̀dà 1.5 tó jáde ní 2015, èdè Go lè ṣe ètò fún ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú `GOOS=linux GOARCH=arm64 go build`, kò sì nílò kọ́ńpáílà àjèjì kankan. Buildroot á ṣe gbogbo Linux fún pákó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ohun tí ẹ fẹ́. Fún ẹni tó ní iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ nílẹ̀, n kò ní dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí irinṣẹ́ yẹn bá kọṣẹ́, ojú dúdú náà ni yóò padà bá, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bá a sọ̀rọ̀. Linux From Scratch, tí Gerard Beekmans bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀: ó ń tọ́ ènìyàn láti tẹ gbogbo àṣẹ fúnra rẹ̀, kódà ó ń ṣe kọ́ńpáílà fún ẹ̀rọ mìíràn lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó kàn pe ẹ̀rọ náà ní x86_64-lfs-linux-gnu kí ti tẹ́lẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ tuntun. Àléébù rẹ̀ fún wa ni pé ó gùn, ó sì ń jẹ iná.

Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní lápò ni mo fi ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ kejì. Raspberry Pi dára púpọ̀. Dọ́là 35 ni wọ́n ta èyí tó jáde ní 2012 nígbà náà, ṣùgbọ́n dọ́là la fi ń rà á, gbogbo wa sì mọ ohun tí náírà ń fojú rí. Ráwútà tó gba OpenWrt dára fún ẹni tó bá rí ògbólógbòó kan, àmọ́ ó lè bàjẹ́ pátápátá bí a bá ṣì í ṣe. Níbi tí iṣẹ́ bá ti béèrè pákó, kí a rà á pẹ̀lú ìdí. Ní Ọ̀yọ́, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìwọnlẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1908, ń kọ́ àwọn tí yóò máa fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí òpó ààlà wà. RTKLIB, ètò ọ̀fẹ́ tí Tomoji Takasu ará Japan kọ ní èdè C, ń ṣe irú ìṣirò yẹn, ó sì ní apá tó ń ṣiṣẹ́ láti inú shell, bíi `rnx2rtkp` àti `str2str`. Akẹ́kọ̀ọ́ ìwọnlẹ̀ tó bá ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ńpáìlì rnx2rtkp fún pákó kékeré kan, tó sì fi wá ipò òpó tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò mọ shell, yóò sì tún mọ iṣẹ́ tirẹ̀ sí i. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ níbẹ̀ gbé yẹ̀ wò tọkàntọkàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan wa ju ẹnikẹ́ni lọ: lẹ́tà wa. Thompson kan náà àti Rob Pike ló ṣe UTF-8, lóṣù Kẹsàn-án 1992, orí bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní New Jersey ni wọ́n sì ti ya á. Òun ló jẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ wọ inú Unix. Ẹ tẹ `printf 'Ọ̀yọ́' | wc -c`: 11 ni yóò sọ. Ẹ fi `wc -m` dípò rẹ̀, ó di 5. Ojú wa rí lẹ́tà mẹ́ta. Báìtì ni àkọ́kọ́ ń kà. Èkejì ń ka àmì ohùn ọ̀tọ̀, lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ẹ gbé àṣẹ kejì yìí lọ sórí pákó tí locale rẹ̀, ìlànà èdè àti lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé, ṣì jẹ́ C, 11 ni yóò tún sọ, nítorí kò mọ̀ pé UTF-8 wà; `LC_ALL=C.UTF-8` ni ẹ ó fi là á lójú. Ògbómọ̀ṣọ́ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè jẹ́ báìtì 20, ó sì lè jẹ́ 22, bí kíbọ́ọ̀dù bá kọ Ò àti ó ní odidi tàbí tó ya àmì ohùn wọn sọ́tọ̀. Lójú wa, orúkọ kan ni. Lójú Linux, fáìlì méjì ni, `cp` á sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìbéèrè nǹkan kan. `ls | od -c` ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Nítorí èyí, àwọn kan máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má ṣe fi Yorùbá sọ orúkọ fódà iṣẹ́ rẹ̀ láé. N kò gbà. Make àti kọ́ńpáílà ń gba báìtì UTF-8 kọjá láìjanpata. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ ni make kò lè mú: fódà tó ń jẹ́ `Ise Mi` á da iṣẹ́ rú, `Iṣẹ́-Mi` kò ní ṣe nǹkan kan. Bí configure bá ráhùn nípa ọ̀nà tí fódà wà, àlàfo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe àmì ohùn.